Ṣé ó yẹ kéèyàn sanwó lé torque vectoring?

Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe Lexus RC F, ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun ní láti yan ọ̀kan: Torsen tó bá ọkọ̀ wá, àbí kó sanwó kún un kó gba TVD, ìyẹn torque vectoring.

Jíà lásán ni Torsen, táyà tó bá di ilẹ̀ mú dáadáa ló ń gbé agbára fún. TVD ní tiẹ̀ ń ronú ṣíwájú: kọ̀ǹpútà ń wo sítíárìn àti eré, ẹ̀rọ oníná kéékèèké á wá darí agbára púpọ̀ sí táyà ẹ̀yìn tó wà lóde kọ́nà. Táyà yẹn á ti ìdí ọkọ̀ yípo, imú á sì wọlé. (Àwọn ọkọ̀ kan ń pe bíréèkì tí wọ́n ń tẹ̀ fún táyà inú ní torque vectoring. Eré lèyí ń jẹ o!)

Àmọ́ TVD ò lè fi kún bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ mú, ó sì wúwo ju Torsen lọ. Síbẹ̀, RC F ju 1,700 kìlò lọ, V8 lítà 5 ló sì wà nímú ẹ̀. Tó bá jẹ́ pápá eré ìje lẹ ń gbé e lọ, TVD ni màá ní kẹ́ ẹ mú. Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ nìkan, ẹ fowó yẹn ra táyà gidi.