Yíyẹ Ọlẹ̀ Wò Nítorí Àrùn Fòníkú-fọ̀ladìde: Kí Ni Ó Yẹ Kí Onígbàgbọ́ Mọ̀?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ń béèrè ìwé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà kí a tó so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ti tọkọtaya tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó kí wọ́n tó mọ̀ pé AS ni àwọn méjèèjì, tàbí tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ṣì wọ́n lọ́nà? Àwọn kan nínú wọn ti gbọ́ pé a lè yẹ ọlẹ̀ wò kí ó tó wọ inú ìyá rẹ̀. A fẹ́ ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà.

Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS. Nínú àyẹ̀wò yìí, àwọn oníṣègùn a gba ẹyin lára obìnrin, wọn a sì pò ó mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú àwo. Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, wọn a mú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti wò. Ọlẹ̀ tí kò ní àrùn ni wọn a gbé sínú ilé ọmọ. Ní ọdún 1999 ni àwọn oníṣègùn ní New York kéde oyún àkọ́kọ́ tí ó bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí nípa ọ̀nà náà. Owó rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọlẹ̀ tí a gbé sínú ni ó ń di ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa: àyẹ̀wò yìí kì í wo ọlẹ̀ kankan sàn. Àṣàyàn ni ó ń ṣe. Ìjọ Àgùdà, nínú ìwé Dignitas Personae ti ọdún 2008, kọ̀ ọ́, nítorí àwọn ọlẹ̀ tí a ń dà nù. Àwọn onígbàgbọ́ mìíràn gbà pé ó sàn ju kí a ṣẹ́ oyún tí ó ti dàgbà lọ. A kò sì gbọdọ̀ fojú kékeré wo ìrora àrùn náà. Òbí tí ó ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lóru mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, a rọ irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta níwájú Ọlọ́run kí a tó gba ẹyin kankan. Ẹyin mélòó ni a ó pò? Kí ni a ó ṣe sí ọlẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù? Ǹjẹ́ a ó kọ ọlẹ̀ AS bí? AS kì í ṣe aláìsàn. Òbí AS tí ó bá da ọlẹ̀ AS nù ti da ẹni tí ó rí bíi tirẹ̀ gan-an nù.

Bákan náà, àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa tí wọ́n jẹ́ SS ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì ń kọ́ni ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tí wọn yóò fi rò pé ì bá sàn kí a má bí wọn. Àrùn ni a ń sá fún, a kì í sá fún ènìyàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ń gbà. Ẹ ṣe é ní ibi méjì, kí ìfẹ́ tó wọ̀ yín lára. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n àti àánú. Àmín.