Ẹsẹ̀ Nìkan Kọ́ La Fi Ń Mọ Ọmọ Tí Yóò Di Ìràwọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn Nii Lamptey, ọmọ Ghana, fi hàn pé ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Ní 1991, nígbà tí Ghana gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ ní Italy, Lamptey ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ. Ọmọ ọdún 16 ni. Pelé pàápàá pè é ní àrólé òun. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ni gbogbo ayé ń wò. Ìwé kíkà rẹ̀ kò jọ wọ́n lójú. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí òun kò lè kà yé, tí ẹlòmíràn sì ń jẹ èrè rẹ̀. Láti Belgium, ó rìn dé England, Argentina àti China, ṣùgbọ́n kò gbá bọ́ọ̀lù ife àgbáyé àwọn àgbà rí.

Ní 1999, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Right to Dream sílẹ̀ ní Accra. Níbẹ̀, bí ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń kàwé. Ibẹ̀ ni Mohammed Kudus, ọmọ àdúgbò Nima, ti jáde, ẹni tó gbá góòlù méjì sáwọ̀n South Korea ní Qatar lọ́dún 2022.

Lamptey náà padà sílé, ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Accra. Ohun tí kò rí gbà ló wá ń fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ bọ́ọ̀lù wa, bí ẹ bá rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ já fáfá lórí pápá, ẹ má tíì pariwo. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ìwé rẹ ńkọ́?