Ẹ Ka Ìdí Àwo Kí Ẹ Tó Tà Á

Bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ létíkun Ìlàjẹ, àwo tánganran àtijọ́ ń bá ilé lọ. Bí tiyín bá ṣẹ́kù ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ ka ìdí rẹ̀. “England” nìkan sábà ń tọ́ka sí ẹ̀yìn 1891, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ní kí ọjà tó bá wọ ibẹ̀ máa gbé orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. “Made in England” sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn 1900. Bí òjìji ìka yín bá hàn lára rẹ̀ níwájú iná, ó ṣeé ṣe kí eérú egungun màlúù wà nínú amọ̀ rẹ̀. Ti ìyá àgbà mi, “Made in England” ni (ẹ má sọ fún wọn o). Mo ti kọ orúkọ ẹni tó rà á sínú ìwé pélébé kan, mo fi sábẹ́ rẹ̀.