Jẹjẹrẹ prostate kò gba ipò baálé lọ́wọ́ ọkùnrin

Ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n, ní Ìdó-Àní àti ní àwọn abúlé oko tó yí wọn ká, àìsàn kan wà tí àwọn àgbà ọkùnrin kì í fẹ́ dárúkọ. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn wọ́n, wọ́n á ní làkúrègbé ni. Bí ìtọ̀ bá ń há, wọ́n á ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, wọ́n á sì gbé ìgò àgbo. Nígbà tí ẹlòmíràn nínú wọn yóò fi dé ilé ìwòsàn, jẹjẹrẹ prostate ti wọ eegun. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ nípa àìsàn náà rí. Ìtìjú ló dí ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbà pé ẹni tí àìsàn bá mú níbi tí a fi ń mọ̀ ọ́n ní ọkùnrin, kì í ṣe ọkùnrin mọ́. Lórí ìtìjú yìí ni a fẹ́ bá ìdílé wa sọ̀rọ̀.

Kí ni prostate?

Ó jẹ́ kókó ẹran kékeré kan tí kò ju èso awùsá lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì la àárín rẹ̀ kọjá. Òun ló ń pèsè díẹ̀ nínú omi tó ń gbé àtọ̀ jáde. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, kókó náà lè wú lásán kí ìtọ̀ sì máa há, èyí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ pẹ̀lú, àyẹ̀wò nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ hàn. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin ní Nàìjíríà, òun ló wọ́pọ̀ jù. Ewu rẹ̀ pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ, ó sì tún pọ̀ sí i fún ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́kùnrin bá ti ní in rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í sábà dun èèyàn rárá. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí a dúró de ìrora.

Ìlú Ọ̀wọ̀ mọ àìsàn yìí

Arákùnrin Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, jáde láyé ní orílẹ̀-èdè Jámánì ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ọjọ́ náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé jẹjẹrẹ prostate tó ti ń bá a fínra ló yọrí sí ikú rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ oṣù tí ara rẹ̀ kò yá, ìméfò ni ará ìlú ń bá kiri. Ẹ jẹ́ ká wo ti ìyàwó rẹ̀, Betty Anyanwu-Akeredolu. Nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára rẹ̀ ní 1997, ó sọ ọ́ síta, ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀.

A kò sọ èyí láti dá olóògbé lẹ́bi. Olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti pa àṣírí àìsàn rẹ̀ mọ́, àgàgà ẹni tó wà nípò. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àwọn obìnrin ti rí ẹnu fi sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tiwọn, àwa ọkùnrin kò tíì rí i. Bẹ́ẹ̀ Desmond Tutu ní South Africa sọ tirẹ̀ síta ní 1997, ó sì tún lo ọdún tó lé ní ogún láyé. Ẹni 90 ọdún ni nígbà tó kú ní 2021. Nelson Mandela náà gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ prostate ní 2001, ó sì wà láyé títí di 2013. Ta ló jẹ́ sọ pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọkùnrin?

Ohun tí ìtọ́jú ń ṣe sí ara

Ní 1941, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Charles Huggins, fi hàn pé èròjà kan tí ẹyin ẹpọ̀n ọkùnrin ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní testosterone, ni oúnjẹ jẹjẹrẹ yìí. Bí wọ́n bá gé oúnjẹ náà, jẹjẹrẹ á rọlẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Títí di òní, ìlànà yìí ni wọ́n fi ń tọ́jú èyí tó bá ti tàn ká ara. Wọ́n lè máa gún abẹ́rẹ́ lóṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì lè fi iṣẹ́ abẹ yọ ẹyin ẹpọ̀n. Abẹ́rẹ́ ń gba owó lemọ́lemọ́, iṣẹ́ abẹ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ni wọ́n máa ń fi iṣẹ́ abẹ lọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sá lọ sílé, tí wọn kì í padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ rẹ̀. Ìtọ́jú yìí lè pa ìfẹ́ àtibá obìnrin lò pọ̀, nǹkan ọmọkùnrin lè má dìde bíi ti tẹ́lẹ̀. Ooru lè máa bo èèyàn lójijì, ọmú lè wú díẹ̀, agbára láti kọ ebè á dín kù, inú sì lè máa bà jẹ́ láìnídìí. Ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin kì í yí padà di ti obìnrin, kì í sì í di obìnrin bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ní ti ẹ̀sìn, àwọn onímọ̀ gbà pé ohun tó bá di dandan láti fi gba ẹ̀mí là ní ìyọ̀ǹda, bí wọ́n ṣe lè gé ẹsẹ̀ tó ti jẹrà. Ẹni tí wọ́n yọ ẹyin ẹpọ̀n rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ àti ìrun

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ bàbá kúrò ní mọ́ṣáláṣí nìyí. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate, ìtọ̀ lè máa jò. Ẹlòmíràn ń gbé rọ́bà ìtọ̀ kiri. Bàbá tó ti ń jókòó ní ìlà iwájú láti ogún ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í kírun nílé, á ní òun kò mọ́ mọ́. Àwọn èèyàn á rò pé ìmàní rẹ̀ ló rọ̀, òun náà á sì máa rò pé Ọlọ́hun ti kọ òun.

Ìlànà ẹ̀sìn wa kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ sọ pé kí ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń jò láìdáwọ́ dúró wẹ ara rẹ̀ mọ́, kó fi pádì tàbí aṣọ dí i, kó ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, kó sì kírun rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń kán sílẹ̀ lórí ìrun. Ìrun rẹ̀ yè. Ní ti mas-habu Málíkì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, ìrọ̀rùn ibẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó béèrè lọ́wọ́ Àáfáà rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Àwa sì ń rọ àwọn Lèmọ́mù wa pé kí wọ́n sọ ọ́ nínú wáàsí, nítorí ẹni tí ojú ń tì kò ní wá béèrè. Ìtọ̀ tó ń jò sábà máa ń dín kù bí oṣù ti ń gorí oṣù, dókítà sì lè kọ́ èèyàn bí yóò ṣe máa fún ìdí pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra, kí iṣan ibẹ̀ lè le.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọmọ

Bí baálé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun yàrá ọ̀tọ̀, tó ń bínú sí nǹkan kékeré, tí kì í lọ sí ìsọmọlórúkọ mọ́, ẹ má tètè sọ pé obìnrin míràn ló ní níta. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á pé ẹ ó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ bíi "ọkùnrin kí lẹ tún jẹ́" lè pa á ju àìsàn náà lọ. Ẹ bá a lọ rí dókítà, kí ọkọ àti ìyàwó jọ gbọ́ ọ. Oògùn wà tó lè ran nǹkan ọmọkùnrin lọ́wọ́, ṣùgbọ́n dókítà ni kó yàn án. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lè ṣe ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alárùn ọkàn ní jàm̀bá.

Nílé tí ìyàwó ti ju ẹyọ kan lọ, ìtìjú náà a tún máa pọ̀ sí i nítorí oorun. Ẹ rántí pé nígbà àìsàn ìkẹyìn Anọ́bì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ó ṣì ń yí ká ilé àwọn ìyàwó rẹ̀ títí tí wọ́n fi yọ̀ǹda kó dúró sí ilé Àíṣà. Àìsàn kò sọ ọ́ di ẹni tí kì í ṣe ọkọ. Oorun tí a ń pín jẹ́ ti ìbágbépọ̀ àti ìfẹ̀dọ̀lórí òróǹro, kì í ṣe ti ìbálòpọ̀ nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń san owó ìwòsàn bàbá yín, ẹ má ṣe gba ẹnu rẹ̀ nínú ilé. Kí ó ṣì jẹ́ òun ni yóò fi ọmọ fọ́kọ, kí ó ṣì jẹ́ òun ni a ó bi léèrè kí a tó pín ilẹ̀ oko. Ọkùnrin tí kò lè kọ ebè mọ́ ṣì lè sọ ibi tí ààlà wà.

Kí ni ká ṣe?

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà ìgbà tó yẹ kí òun bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, àgàgà bí àìsàn náà bá ti wà nínú ìdílé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà lè fi ìka yẹ ìdí wò pẹ̀lú. Nítorí ìka yìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń sá, bẹ́ẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. PSA tó ga nìkan kò tíì túmọ̀ sí jẹjẹrẹ, wọ́n ní láti mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò. Láti Ìfọ́n dé Òkèlúsè, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, tí a ń pè ní FMC, ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ. Bí ìtọ́jú iná bá di dandan, ó wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Benin, Ìbàdàn àti Èkó.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá tó sọ àìsàn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lónìí kò tíì sọ ipò rẹ̀ nù. Ó ti ṣe iṣẹ́ baálé, nítorí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ náà ti mọ ohun tí wọn yóò máa ṣọ́. Kí Ọlọ́hun Ọba fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó sì fún àwọn tó ń tọ́jú wọn ní sùúrù. Àmín.