Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Tètè Ṣe Fídíò Ìkéde fún Ará Ìlú

Ìkìlọ̀ tó bá dé lẹ́yìn tí omi ti wọlé kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ohun tó máa ń fa ìdádúró nígbà tí ojú òpó ayélujára bá ń ṣe fídíò fúnra rẹ̀, àti bí iṣẹ́ náà ṣe lè yá.

Àwòrán púpọ̀ tó dúró sójú kan, tó ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, ni fídíò. Bí àwòrán 30 bá ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 1,800 ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yà fún fídíò ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn èyí, yóò fún gbogbo wọn pọ̀ kí fáìlì náà lè fúyẹ́ fún fóònù.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí a fi ìkìlọ̀ omíyalé fún ìjọba ìbílẹ̀ 20 ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá ya fídíò ìṣẹ́jú kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwòrán 36,000 ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5 tí a fi dárúkọ àdúgbò nìkan ló yàtọ̀, a ó ya ìyókù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 4,650 péré. FFmpeg lè so àwọn apá náà pọ̀ láìtún wọn fún pọ̀, bí ìwọ̀n wọn, iye àwòrán wọn àti ọ̀nà tí a gbà fún wọn pọ̀ bá bára mu.

Ọ̀nà kejì ni pípín iṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: a lè gé fídíò sí apá púpọ̀, kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, ó ní ààlà. Bí ìṣẹ́jú kan nínú iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò bá ṣeé pín, kò sí iye kọ̀ǹpútà tó lè mú un parí kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Ọ̀nà kẹta ni kí àwòrán máa ti ibi tí a ti yà á lọ tààrà síbi tí a ti ń fún un pọ̀, láìkọ́kọ́ tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi fáìlì. Bákan náà, àwòrán 1280 sí 720 kò tó ìdajì iṣẹ́ tí 1920 sí 1080 ń béèrè, ó sì hàn kedere lójú fóònù.

Ẹ ṣọ́ra o: bí a bá kánjú fún fídíò pọ̀, ó máa ń wúwo jù bó ṣe yẹ lọ. Ìṣẹ́jú tí a dín kù lọ́dọ̀ wa yóò wá di owó dátà tí ará ìlú yóò san. Fún ìkéde tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò wò, ó sàn kí kọ̀ǹpútà wa pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, ju kí gbogbo olùwò san àfikún lọ.

Lákòótán, kí ẹ tó náwó sórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ kọ́kọ́ wọn àkókò tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ibi tí iṣẹ́ ti ń falẹ̀ jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.