Kálámù Agbohùnsílẹ̀: Ǹjẹ́ Ó Yẹ fún Akẹ́kọ̀ọ́ àti Olùwádìí Èdè Wa?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Ọmọ Towé tàbí ọmọ Sakété tí ó lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi, tàbí tí ó lọ sí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu, èdè Faransé ni a fi ń kọ́ ọ. Bí ó ti ń gbọ́ ni ó ń túmọ̀ nínú ara rẹ̀. Bí ó ti ń túmọ̀ ni ó ń kọ. Olùkọ́ kò sì dúró dè é. Kí ó tó kọ gbólóhùn kan tán, méjì mìíràn ti kọjá lọ.

Irinṣẹ́ kan wà tí a ṣe nítorí irú ìnira báyìí. A ó pè é ní kálámù agbohùnsílẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí ń kọ́ni ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, àti àwa tí ń ṣe ìwádìí èdè, mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó náwó lé e.

1. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

Íǹkì gidi ni ó wà nínú kálámù yìí, orí ìwé ni a sì ń fi í kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìwé náà kì í ṣe ìwé lásán. Ilé-iṣẹ́ Anoto ti ilẹ̀ Swídìn ni ó hùmọ̀ rẹ̀: wọ́n tẹ àwọn àmì tóótòòtó sí gbogbo ojú ewé, bí a sì ti tò wọ́n ní ibì kan kò jọ ti ibòmíràn. Kámẹ́rà kékeré kan wà lẹ́bàá ẹnu kálámù, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí ka àwọn àmì náà. Báyìí ni kálámù fi ń mọ ewé tí ó wà àti ibi tí ọwọ́ dé lórí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Livescribe, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, fi ohùn gbígbà kún ọgbọ́n yìí. Wọ́n gbé kálámù Pulse jáde ní ọdún 2008, wọ́n sì gbé Echo jáde ní ọdún 2010. Bí ọwọ́ ti ń kọ̀wé ni kálámù ń gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀, tí ó sì ń so ohùn pọ̀ mọ́ ohun tí a kọ. Bí a bá délé, tí a fi ẹnu kálámù kan ọ̀rọ̀ kan lójú ewé, ohun tí olùkọ́ ń sọ nígbà tí a kọ ọ́ ni a ó gbọ́. Ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́ wákàtí méjì sílẹ̀ sínú agbohùnsílẹ̀ lásán ní láti tún fi wákàtí méjì gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ní kálámù yìí yóò lọ tààrà sí ibi tí ó rú u lójú.

2. Àǹfààní rẹ̀ fún èdè Nàgó

Èdè olóhùn ni èdè wa. Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ ọ̀pẹ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí Pobè ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1922 wà. Ká ní olùwádìí kan ń gba orúkọ ohun èlò iṣẹ́ oko lẹ́nu àgbà kan ní Towé, tí ìkánjú mú kí ó kọ “igba” láìfi àmì ohùn sí i. Ṣé igbá tí a fi ń bu omi ni, àbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Ṣé ìgbá tí a ń sè lọ́bẹ̀ ni? Nínú gbólóhùn, a lè mọ̀ ọ́n. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ lásán, kò dájú. Bí ohùn àgbà náà bá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kọ, a ó gbọ́ ọ, a ó sì fi àmì tí ó tọ́ sí i.

Nǹkan mìíràn ni pé bí ọwọ́ bá ti fa ìlà ni kálámù ń pa á mọ́. Ìbáà jẹ́ ɛ àti ɔ ti Bẹ̀nẹ̀ ni a kọ, ìbáà jẹ́ ẹ àti ọ ti Nàìjíríà, kò ní yí i padà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ ìwé ọwọ́ di ìwé títẹ̀, ọ̀rọ̀ di méjì: èdè tí a bá kọ́ ọ nìkan ni ó lè kà dáadáa. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì ohùn dán an wò.

3. Ohun tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò

Èkíní, ìwé alámì ni ó ń lò. Bí ìwé bá tán, kálámù di kálámù lásán. Èkejì, bátìrì rẹ̀ ń fẹ́ iná mànàmáná. Ẹ̀kẹta, a gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́ tàbí àgbà kí a tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn ẹni jẹ́ ohun ìní ẹni.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní ọdún 2014, Mueller àti Oppenheimer tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé àwọn tí ń fi ọwọ́ kọ̀wé lóye ẹ̀kọ́ ju àwọn tí ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ olùkọ́ sínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá tó ní láti ronú kí ó tó yan ohun tí yóò kọ. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2019 kò rí ìyàtọ̀ náà kedere bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi gbígbọ́ sílẹ̀ nítorí pé kálámù ń bá a gbọ́, ohùn ni yóò kó délé, kò ní kó òye.

4. Ọ̀nà tí kò ná ni lówó púpọ̀

Ẹni tí kò lè ra kálámù yìí lè fi fóònù gba ohùn sílẹ̀, kí ó sì máa kọ ìṣẹ́jú sí etí ìwé rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ kókó tuntun, tàbí nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro. Bí ó bá kọ “ìṣẹ́jú 12”, yóò mọ ibi tí yóò ti tún gbọ́. Iṣẹ́ kan náà ni kálámù ń ṣe, ṣùgbọ́n òun ń dá a ṣe.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní iná, tí ó ní ọ̀nà àtirí ìwé alámì rà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ gbígba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kálámù náà yóò wúlò fún un. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó púpọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù àti ìwé. Èyíówù kí a lò nínú méjèèjì, kí a padà sí ohun tí a kọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kí a sì fi àmì ohùn sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń dún ní etí wa.