Iṣẹ́ Àwọn Àjọ Aláàánú lórí Ọmọ Aláìní àti Ogunléndé ní Ilẹ̀ Yorùbá: Ojúṣe Olùkọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí àwọn àjọ aláàánú tí kì í ṣe ti ìjọba ń ṣe fún ọmọ aláìní àti ogunléndé. Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni ó gbé yẹ̀ wò: ìtàn ìgbà èwe Samuel Àjàyí Crowther, àgọ́ ogunléndé tí ó wà ní Òru-Ìjẹ̀bú nígbà kan, àti àwọn ọmọ tí a kó kúrò níbi òkúta fífọ́ ní agbègbè Abẹ́òkúta ní ọdún 2003. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé oúnjẹ àti aṣọ nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ àjọ aláàánú. Òṣùwọ̀n náà ni bí àjọ ṣe ń dá ọmọ padà sínú ẹbí àti sí ilé-ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ olùkọ́ ti wọlé.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Òwe yìí fi hàn pé ìtọ́jú ọmọ kì í ṣe ti òbí nìkan. Ṣùgbọ́n òwe náà gbà pé igba ènìyàn wà nítòsí. Bí ogun, ikú, òṣì tàbí àgbàrá òjò bá tú igba ènìyàn náà ká ńkọ́? Ta ni yóò wo ọmọ?

Ìbéèrè yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Olùkọ́ tí a bá gbé lọ sí ìlú bí Awo, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ nítòsí Ẹdẹ, lè bá ọmọ tí òbí rẹ̀ ti kú pàdé nínú kíláàsì. Ó lè bá ọmọ tí a mú wá láti ọ̀nà jíjìn láti máa ṣe iṣẹ́ ilé, tàbí èyí tí ẹbí rẹ̀ sá kúrò níbi rògbòdìyàn. Olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ẹni tí ó lè ké sí, àti irú ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ kí ó retí.

Ìtumọ̀ Ọmọ Aláìní àti Ogunléndé

Nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ aláìní ni ọmọ tí ààbò tí ó yẹ kí ó ní ti yẹ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ òrukàn wà lára wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà láàyè lè jẹ́ aláìní bí àìsàn bá dá òbí náà wó, bí a bá fi ọmọ náà ṣòwò, tàbí bí kò bá lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ogunléndé ni ẹni tí ogun lé dé ibi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ náà dárúkọ ogun, ṣùgbọ́n lónìí a ń lò ó fún ẹni tí nǹkan mìíràn lé kúrò nílé pẹ̀lú. Omíyalé Ògùnpa tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1980 kì í ṣe ogun, síbẹ̀ ó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìnílé ní ọjọ́ kan.

Òfin àgbáyé pín ogunléndé sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí ó sá kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni Àdéhùn ọdún 1951 àti àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ní ọdún 1969 ń dáàbò bò. Ẹni tí ó sá nílé ṣùgbọ́n tí kò kọjá ẹnubodè wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe Àdéhùn Kampala ní ọdún 2009. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 2012, ọdún kan náà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni ó ń sọ ilẹ̀kùn tí ènìyàn yóò kàn nígbà tí ó bá ń wá ìrànlọ́wọ́.

Ètò Ìtọ́jú láàárín Yorùbá

Kí àwọn àjọ ìgbàlódé tó dé, agboolé ni ó ń ṣe iṣẹ́ wọn. Bí òbí bá kú, ìdílé a pín ìtọ́jú àwọn ọmọ láàárín ara wọn. Àlejò tí ó bá sá wá sí ìlú a lọ sọ́dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀, a sì fún un ní ibi tí yóò kọ́lé sí àti ilẹ̀ tí yóò dáko sí. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó gba àwọn tí ogun lé. Lára irú ìṣíkiri bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Modákẹ́kẹ́ ti di ìlú ńlá, Òṣogbo náà sì gba ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ètò yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó ní ẹbí ni ẹbí ń dáàbò bò. Ọmọ tí ogun já gbà kúrò lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ lè di ẹrú. A sì lè fi ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ gbèsè ṣe ìwọ̀fà. Àlejò tí a gbà pẹ̀lú ọ̀yàyà lè di ẹni tí a ń bá ṣe aáwọ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn ìran mélòó kan. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1981, 1983, àti láàárín 1997 sí 2000 fi èyí hàn. Àwọn ènìyàn sá kúrò nílé wọn ní ìhà méjèèjì, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì dúró. Nínú irú àlàfo báyìí ni àjọ aláàánú ti rí iṣẹ́ ṣe.

Àpẹẹrẹ Kìíní: Àjàyí Ọmọ Òṣogùn

Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn. Wọ́n mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á léraléra títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, ó sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Fìrítáùn ní Sàró.

Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ ìjíhìnrere CMS, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1799, ti gbà á tọ́. Ó kọ́ ìwé kíkà àti iṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, wọ́n sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ọmọ tí ogun lé yìí ni ó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, tí ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá lórí kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ohun tí ó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n fún ọmọ náà. Oúnjẹ tí ó jẹ ní Fìrítáùn ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tí ó kọ́ kò tán. Ẹ̀kọ́ kejì ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún un. Ọdún márùn-ún-lé-lógún kọjá kí ó tó tún rí ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, iṣẹ́ ìjíhìnrere ni ó sì gbé e dé ibẹ̀. Lóde òní, wíwá ẹbí ọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí ó dá dúró. Àjọ Alágbèélébùú Pupa ní ètò tirẹ̀ fún wíwá ẹni tí ogun yà kúrò lọ́dọ̀ ẹbí.

Àpẹẹrẹ Kejì: Àgọ́ Òru-Ìjẹ̀bú

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Làìbéríà ní ìparí ọdún 1989. Ní ọdún 1990, a ṣí àgọ́ kan ní Òru, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, fún àwọn tí ó sá wá sí Nàìjíríà. Nígbà tí ogun Sàró náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, àwọn ará Sàró kún wọn. Ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ogunléndé, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, àti UNHCR, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fún ogunléndé, ni wọ́n ṣáájú nínú ètò náà.

Àkókò náà ni ọmọ Yorùbá kan dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣẹ́gun Olúṣọlá, tí àwọn ènìyàn mọ̀ nídìí eré tẹlifíṣàn The Village Headmaster, jẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Etiópíà láti 1987 sí 1993. Nígbà tí ó padà dé, ó dá African Refugees Foundation sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa ran ogunléndé lọ́wọ́. Ó kú ní ọdún 2012. Àpẹẹrẹ rẹ̀ fi hàn pé àjọ aláàánú kì í ṣe ohun tí òyìnbó nìkan lè dá sílẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni UNHCR mọ̀ tí ipò ogunléndé fi lè dópin: kí ó padà sílé, kí ó di ará ibi tí ó sá wá, tàbí kí orílẹ̀-èdè kẹta gbà á. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà, Làìbéríà, Sàró, ECOWAS àti UNHCR ṣe àdéhùn kí àwọn tí kò fẹ́ padà lè máa gbé ní Nàìjíríà. UNHCR fòpin sí ipò ogunléndé ará Sàró ní ìparí ọdún 2008, ó sì fòpin sí ti ará Làìbéríà ní oṣù kẹfà ọdún 2012. Ọmọ tí a bí sí àgọ́ náà ní ọdún àkọ́kọ́ ti lé ní ogún ọdún nígbà náà. Àgọ́ tí a pa fún ìgbà díẹ̀ ti di ìlú tí ọmọ náà mọ̀. Ìdí nìyí tí ètò ẹ̀kọ́ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kì í ṣe lẹ́yìn tí nǹkan bá rọlẹ̀.

Àpẹẹrẹ Kẹta: Àwọn Ọmọ Ibi Òkúta Fífọ́

Ní ọdún 2003, ó hàn sí gbogbo ayé pé àwọn ọmọdé láti orílẹ̀-èdè Benin ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Púpọ̀ nínú wọn wá láti agbègbè Zakpota. Àwọn ọlọ́pàá dá wọn padà sí orílẹ̀-èdè wọn; iye wọn lé ní 200. Ní Kútọnu, àjọ Terre des hommes wà lára àwọn tí ó gbà wọ́n. Ní ọdún 2005, Nàìjíríà àti Benin ṣe àdéhùn lórí gbígbógun ti fífi ọmọ ṣòwò.

Irú iṣẹ́ báyìí ní ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ léra. A ó kọ́kọ́ gba ọmọ sí ibi ààbò, a ó sì tọ́jú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí a ó sì wá òbí rẹ̀. A ó yẹ ilé náà wò kí a tó dá a padà. Níkẹyìn, a ó fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹnu iṣẹ́ ọwọ́, a ó sì máa bẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó nira jù. Nígbà mìíràn, òbí gan-an ni ó fi ọmọ ránṣẹ́ nítorí òṣì, nípa ìlérí pé yóò kọ́ṣẹ́. Bí òṣì náà bá wà níbẹ̀ síbẹ̀, ọ̀nà tí ọmọ gbà lọ lákọ̀ọ́kọ́ ṣì ṣí sílẹ̀.

Òfin àti Àmì Àjọ tí ó Yanrantí

Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní ọdún 1989. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ilé ní ọdún 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007. Òfin ẹ̀kọ́ kárí-ayé ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Òfin wọ̀nyí kò yọ ọmọ àlejò tàbí ọmọ òrukàn sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ní òun ń tọ́jú ọmọ ni ó yẹ kí a fi ọmọ lé lọ́wọ́. Àjọ tí ó yanrantí a forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, èyí tí a tún ṣe ní ọdún 2020. Kì í pín èrè fún àwọn alábòójútó rẹ̀, a sì máa jíhìn owó. Ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ọmọdé ṣiṣẹ́. Kì í fi àwòrán ojú ọmọ tọrọ owó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kì í mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí tí ó lè tọ́jú rẹ̀. Ìlànà tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé jáde ní ọdún 2009 sọ pé òṣì nìkan kò tó ìdí láti yọ ọmọ kúrò nílé. Bí ìyá àgbà bá ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí kò sì ní owó ìwé, owó ìwé ni kí a wá fún un. Kò yẹ kí a kó ọmọ náà lọ sí ilé àwọn ọmọ òrukàn.

Níbi tí kò bá sí ẹbí rárá, ó yẹ kí ilé tí a gbé ọmọ lọ jọ ilé. Èyí ni èrò tí Hermann Gmeiner fi dá SOS Children's Villages sílẹ̀ ní Austria ní ọdún 1949, tí ó sì dé Ìsọlọ̀ ní Èkó ní ọdún 1973. Àwọn ọmọ ń gbé nínú ilé kéékèèké lọ́dọ̀ ìyá kan, bíi ọmọ ìyá.

Ojúṣe Olùkọ́

Olùkọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ṣe ọmọ. Ọmọ tí ń sùn ní kíláàsì lójoojúmọ́, tí ó ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ ní ọjọ́ ọjà, tàbí tí kò fẹ́ padà sílé ń sọ nǹkan láìfọhùn. Ohun àkọ́kọ́ ni kí olùkọ́ kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ó sì sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tí ó wà ní Awo fún agbègbè Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn ni yóò pe àjọ tí ó yẹ. Kò yẹ kí olùkọ́ dá fa ọmọ lé àjèjì lọ́wọ́, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ ẹni náà dùn tó.

Ìkejì, kí olùkọ́ gba ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí wọlé, kí ó dán an wò láti mọ kíláàsì tí ó bá a mu. Ogun kì í jẹ́ kí ènìyàn mú ìwé èsì ìdánwò dání. Ìkẹta, kí ó bo àṣírí ọmọ. Pípe àwọn ọmọ òrukàn jáde níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ láti gba bàtà àti báàgì ń fún wọn ní ẹ̀bùn pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó sì ń gba iyì wọn pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Ìkẹrin, kí olùkọ́ máa wò ó bóyá ọmọ tí a dá padà ṣì ń wá. Ìwé ìpè orúkọ tí ó ń sàmì sí ní àràárọ̀ lè fi hàn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, pé ọmọ tí a gbà là ti tún ń bọ́ sọ́nù.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àjọ aláàánú kò wá láti gba ipò ẹbí tàbí ti ìjọba. Inú àlàfo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wọn sì yọrí nígbà tí ọmọ bá ní ẹbí tí ń pè é lórúkọ àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ń retí rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi bí a ṣe ń ṣe àkíyèsí ọmọ aláìní àti bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ẹni tí ó yẹ létí kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ kí wọ́n tó lọ sí ẹnu ìdánrawò iṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ olùkọ́ sì wà lára rẹ̀.